Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Sugar Sórí Kọ̀ǹpútà Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti ṣa kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ jọ, ẹ fẹ́ fi Debian, Linux ọ̀fẹ́ yẹn, sí wọn nínú, kí ẹ wá gbé Sugar, ètò kọ̀ǹpútà ọmọdé, lé e fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ti fláàṣì bọ ẹ̀rọ kankan, torí pé ibi tí ẹ rò pé iṣẹ́ náà ti le ni ibi tó ti rọ̀ jù. Àṣẹ mélòó kan lẹ máa tẹ̀, ẹ̀rọ á sì ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá di ẹrù yín kúrò nínú ọgbà ilé ìwé gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni ẹ fi í lé lọ́wọ́? Kí ni ẹni náà lè ṣe sí i láìpè yín?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin mọ ìdí kọ̀ǹpútà jù mí lọ, mi ò bá yín du ìyẹn. Èmi mọ ọmọdé, mo mọ tísà, mo sì mọ àgádágodo tí wọ́n fi ń ti yàrá kọ̀ǹpútà pa.

Mo ti wọ ilé ìwé tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí yàrá kan, tí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni bo òkú, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbọn-in gbọn-in. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ó bọ́ bàtà tán, wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan, kó ká apá gbera, kó máa wo tísà. Tísà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Báyìí ni wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀rọ títí bátìrì fi kú sínú rẹ̀, tí eruku sì jẹ fáànù rẹ̀ tán. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ibi tó dà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Bí ẹ bá gbé Sugar lọ sí irú yàrá yẹn, ìparí rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́ mi kò ju èyí lọ: ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lọ́nà tí ọmọ kò fi ní lè dé ìdí rẹ̀.

Sugar fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn yín lórí èyí, torí ọmọdé ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Nígbà tí Nicholas Negroponte ti MIT kéde ètò One Laptop per Child ní 2005, ohun tó ń lé ni kọ̀ǹpútà ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ọmọ tálákà á gbé dání lọ sílé. Ẹ̀rọ tó jáde nínú ètò náà ni XO, aláwọ̀ ewé àti funfun, kékeré tó ṣe é fi ọwọ́ kan gbé. Mẹ́mọ́rì ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ju 256 MB lọ. Owó rẹ̀ kò wá sílẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún dọ́là rí; ó ń fì sí igba. Sugar ni wọ́n kọ fún un. Ní 2008, Walter Bender, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ètò náà, kúrò níbẹ̀, ó dá Sugar Labs sílẹ̀ kí Sugar má baà so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin fi lè gbé e sórí Debian, Ubuntu tàbí Fedora lónìí, lórí kọ̀ǹpútà tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Àpápá.

Ẹni tí èrò rẹ̀ wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni Seymour Papert, ọmọ Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n bí ní 1928. Ó bá Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ṣiṣẹ́ ní Geneva, ó wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, kó tó kọjá sí MIT. Òun, Cynthia Solomon àti Wally Feurzeig ni wọ́n ṣe LOGO ní 1967, èdè tí ọmọdé fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó kọ ìwé Mindstorms jáde ní 1980. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé ọmọ kì í kọ́ nǹkan dáadáa nípa ká máa rọ ọ́ sí i létí. Ìgbà tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tí ẹlòmíràn lè rí ló máa ń yé e. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fún ọmọ ọdún márùn-ún ní ìyẹ̀fun díẹ̀ kó fi ro ọkà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrò kò ka ìwé Papert, àmọ́ wọn kì bá tí bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ètò One Laptop per Child yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní 2007, wọ́n gbé XO fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima l'Ábújá láti fi dán an wò. Ìjọba Ọbásanjọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Nàìjíríà á ra mílíọ̀nù kan. Ìjọba yí padà, mílíọ̀nù kan náà kò dé mọ́.

Ní Peru, ìjọba ra XO ní tiwọn, wọ́n pín in káàkiri ìgbèríko orí òkè. Ní 2012, àwọn olùwádìí Inter-American Development Bank gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ilé ìwé 319. Kọ̀ǹpútà ti ju iye ọmọ lọ ní àwọn ilé ìwé tó gba ẹ̀rọ. Síbẹ̀, máàkì ìṣirò àti ti èdè kò gòkè. Wọ́n rí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú bí àwọn ọmọ ṣe ń ronú, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òṣèlú ṣèlérí kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jù nínú ilé ìwé wọ̀nyí ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n sì kọ́ tísà kò tó nǹkan. Uruguay gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Plan Ceibal ní 2007 ní abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Villa Cardal. Nígbà tó fi máa di 2009, gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, tí wọ́n lé ní 350,000, ti ní tiwọn. Àwọn ò pín ẹ̀rọ kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìwé, wọ́n ṣètò ibi tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n sì ní àjọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni Peru àti Uruguay gbà, Sugar kan náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ kí ẹ tó wo sọ́fíwìà. Nínú tòkunbọ̀ tí ẹ rà, àwọn kan lè jẹ́ 32-bit. Debian 12 ni ẹ̀dà ìkẹyìn tó ṣì ṣeé gbé sórí irú wọn. Debian 13 ti yọwọ́ nínú ẹ̀. Ẹ tẹ lscpu, á sọ fún yín. Bí nǹkan kan bá wà nínú háàdì dísìkì, bó jẹ́ fọ́tò ìkómọ ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó nù ún. Níbi tí Debian bá ti ń béèrè bóyá kó gba gbogbo dísìkì, ẹ má tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" pẹ̀lú ojú oorun. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Fáìlì tí ẹ gbà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sha256sum yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ ọ́ sórí fláàṣì, pàápàá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já lù yín lórí. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi tó máa ń dààmú wa tẹ́lẹ̀ ti dínkù, torí láti Debian 12 ni wọ́n ti ń kó fọ́ọ̀mùwìà tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́ fáìlì ìfisórí náà. Bí ọkàn yín bá ṣì ń ṣe iyèméjì, Fedora ní ẹ̀dà kan tó ń jẹ́ Sugar on a Stick: ẹ kọ ọ́ sórí fláàṣì, ẹ fi tan ẹ̀rọ, ẹ wò ó dáadáa, ẹ yọ ọ́. Kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísìkì.

Dátà wọ́n, gbogbo wa la mọ̀. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa gba nǹkan kan náà wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi apt-cacher-ng sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa gba ojúbodè 3142 rẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ti gbà wálẹ̀, òun náà ni gbogbo ìyókù máa pín láàárín ara wọn láìná kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ tó bá ń wò yín níbẹ̀ á ti rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ kí Sugar tó tàn rárá.

Nígbà tí Debian bá ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù root, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àkáǹtì àkọ́kọ́ tí ẹ bá dá ni yóò gba agbára sudo. Àkáǹtì tísà ni kó jẹ́, kì í ṣe tiyín. Lẹ́yìn náà, àṣẹ kan ṣoṣo ni: sudo apt install sucrose. Àwọn tó ṣe é fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ṣúgà, wọ́n pe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní glucose, wọ́n pe àwọn ohun èlò ọmọdé inú rẹ̀ ní fructose, wọ́n wá pa méjèèjì pọ̀, wọ́n ní sucrose. Ẹ jáde, ẹ padà wá síbi ìwọlé, ẹ yan Sugar dípò GNOME tàbí ohunkóhun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tán.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ọmọ kankan wá jókòó, ẹ ṣètò kíbọ́ọ̀dù. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Sugar máa ń bi ọmọ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Ṣọlá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, kò rí ṣ, kò rí ọ, ó wá kọ Sola. Ẹ̀rọ tí ẹ ní ó wà fún un ti kọ́kọ́ sọ fún un pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò ṣeé kọ. Ohun tó sì dùn mí ni pé kò sí ìdí kankan fún un. Kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà wà nínú Linux, ó ní ẹ̀yà Yorùbá, ó ní ti Haúsá, ó ní ti Ìgbò. Ẹ tẹ sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration, ẹ yan Nàìjíríà, ẹ yan Yorùbá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tẹ ìwé kékeré kan tó ń fi ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà hàn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù: ní 2007, ilé iṣẹ́ Lagos Analysis Corporation, tó ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè wa, gbé àwọn One Laptop per Child lọ sí ilé ẹjọ́ l'Èkó lórí rẹ̀.

Bí ọmọ bá ti kọ orúkọ rẹ̀, á yan àwọ̀ méjì fún ère ènìyàn kékeré kan, O lórí X, ère yẹn á sì dúró láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó lè ṣe á tò yí i ká. Ilé rẹ̀ nìyẹn. F1 á gbé e lọ sí Àdúgbò, níbi tó ti lè rí àwọn ọmọ mìíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà, tí yóò sì pè wọ́n wá bá a kọ̀wé tàbí kí wọ́n jọ ya àwòrán. F2 ni Ẹgbẹ́, F3 ni Ilé, F4 ni ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà já geere o, ìyẹn Àdúgbò yẹn. Ẹ dán an wò lórí rọ́tà yín dáadáa kí ẹ tó ṣèlérí fún tísà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lójú rẹ̀, púpọ̀ ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ àmọ́ kò tíì pé, ẹnikẹ́ni ló sì lè fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní àǹtí tàbí bàbá kan nílé tó mọ Yorùbá kọ dáadáa tí kò rí nǹkan ṣe, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, Turtle Blocks ni mo fẹ́ kí ẹ rí i dájú pé ó wọlé. Bí kò bá bá sucrose wá, ẹ gbà á wálẹ̀ níbi tí Sugar Labs kó gbogbo wọn sí. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .xo ni, tí ọmọ bá sì ti tẹ̀ ẹ́ nínú Journal, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti wọlé, kò nílò pásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Ìjàpá tí Papert àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́ ọmọdé nídìí LOGO ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọmọ á máa to àṣẹ lé ara wọn: lọ síwájú, yà sọ́tùn-ún, tún un ṣe. Ìjàpá á máa rìn, á sì máa fa ìlà sílẹ̀ níbi tó bá gbà.

Mo jókòó ti ọmọdébìnrin kan lọ́jọ́ kan tó fẹ́ kí Ìjàpá ya onígun mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé igun onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba jẹ́ 60. Ó ní kí Ìjàpá lọ síwájú ní 100, kó yà sọ́tùn-ún ní 60, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìjàpá rìn, ó rìn, kò padà sílé. Ohun tó yà dà bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́, ìdajì onígun mẹ́fà. Ọmọ náà wojú mi, ó ní, "Bàbá, Ìjàpá ti tún ṣe tiẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò sọ ìdáhùn fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ ṣe ló na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù láti tẹ̀ ẹ́ fún un. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo fún ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó ya onígun mẹ́ta sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó wá rìn ín bí Ìjàpá. Ó rìn dé igun àkọ́kọ́, ó dúró. Ó fẹ́ yí ara rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe díẹ̀ lòun máa yí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú padà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ó wo inú igun náà, ó wo ìta rẹ̀. "Kì í ṣe inú ló ń yí o, ìta ló ń yí." Ó sáré padà, ó yọ 60, ó fi 120 sí i. Ìjàpá padà sílé. Kò dúró ibẹ̀: ó fi 90 ṣe onígun mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́ 360. Mo ní kó lọ bi Ìjàpá. Kó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ti pín 360 sí ọ̀nà márùn-ún, ó rí 72, ó sì ti ya onígun márùn-ún.

Kò sí àṣẹ tí ẹ lè tẹ̀ tó lè ṣe ìyẹn. Sucrose kò lè ṣe é. Ẹni tó jókòó tì í, tó fọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀kì lápò, ló lè ṣe é.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi han àwọn ọmọ, kí ẹ má sì rò pé ó ti pọ̀ jù fún wọn. Nínú ohunkóhun tí ọmọ bá ṣí nínú Sugar, bó bá tẹ Shift, Alt àti V pa pọ̀, yóò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gbogbo Python rẹ̀ pátá. Ó tún lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì yí ẹ̀dà náà padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á wò ó, á ti í pa, á padà sídìí Ìjàpá rẹ̀, kò burú. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, tó sì rí i pé ojú ẹ̀rọ yí padà, onítọ̀hún kò tún ní wo kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìbẹ̀rù mọ́ láéláé. Èyí gan-an ni òmìnira tí wọ́n ń sọ nípa sọ́fíwìà ọ̀fẹ́: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ pé o lè lò ó, o lè wo inú rẹ̀, o lè yí i padà, o sì lè fi fún ẹlòmíràn.

Ẹ bá mi gbé èyí yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n á fi Windows tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí i fún yín, wọ́n á ní kí ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣe àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ohun tí wọ́n ṣe má baà hàn. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fi kọ́ ọ ni pé kọ̀ǹpútà jẹ́ nǹkan tí a ń jí, tí a sì ń fi pa mọ́. Àwọn ọmọ máa ń gbọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa.

Owó ńkọ́? Ẹ gba owó iṣẹ́ yín, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL pàápàá kò ní kí ẹ má gbowó. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ ta "láísẹ́ǹsì Debian" fún ọ̀gá ilé ìwé tí kò mọ̀. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé sọ́fíwìà yìí kò ní owó, iṣẹ́ ọwọ́ wa, dátà àti ọkọ̀ ni à ń gbowó fún. Bó bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní bẹ̀rù pé nǹkan kan máa tán lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé ìwé kejì láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ wá gbọ́ ti Journal, torí àwọn tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ràn rẹ̀. Nínú Sugar, ọmọ kì í fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ṣe, Journal á kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Ó lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tẹ̀ ẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Tísà tó bá mọ ohun tó ń ṣe á jókòó pẹ̀lú ọmọ, wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò, á rí ibi tí ọmọ náà ti ń bá ara rẹ̀ jìjàkadì. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ń lo àkáǹtì kan, Journal á di ọjà. Ẹ dá àkáǹtì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, adduser lásán ni. Ẹ má fún wọn ní sudo. Ẹ sì má ṣe fi irú ètò yẹn sí i, èyí tó ń nu ohun gbogbo kúrò bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ bí ti ilé íntánẹ́ẹ̀tì ìgboro. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe é: ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní sudo, kí ló lè bà jẹ́ ju ilé tirẹ̀ lọ? Púpọ̀ nínú Sugar rẹ̀ wà nínú .sugar ní abẹ́ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú .sugar/default/datastore. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ibẹ̀ sórí dísìkì ìta ní ọjọ́ Ẹtì. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ gbé .sugar yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Sugar á tún béèrè orúkọ rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ ó sì dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Ẹ wá sọ èyí fún tísà, lójú àwọn ọmọ, pé kò sí ohun tí wọ́n lè tẹ̀ tó máa ba ẹ̀rọ yìí jẹ́. Ẹ ó rí bí ojú gbogbo wọn á ṣe yí padà, àti ti tísà pàápàá.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má kúrò níbẹ̀ títí tísà kan àti ọmọ kíláàsì ìkẹfà kan á fi gbé Debian àti Sugar sórí ẹ̀rọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ̀yin kò sì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún un, èyí tó gbó jù. Á pẹ́. Wọ́n á tẹ ohun tí kò yẹ, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Iná á lọ láàárín rẹ̀, ẹ ó jọ dúró kó dé. Kí ẹni tó ń ṣe é máa kọ ohun tó ń ṣe sínú ìwé ní Yorùbá bó ṣe ń lọ, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe tiyín. Fláàṣì tí ẹ fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kí ó wà nínú dúrọ́wà tísà pẹ̀lú ìwé yẹn. Pásíwọ́ọ̀dù sudo, ẹ kọ ọ́ sínú àpò ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fún ọ̀gá ilé ìwé níṣojú tísà, torí wọ́n lè gbé tísà lọ sí ilé ìwé mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ dé ilé ìwé láàárọ̀.